Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ àti ẹni tó jókòó síta: àìsàn kíndìnrín àti ìlera ọkàn ní Kwara

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan fún aláìsàn kíndìnrín, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní dayálísíìsì, yóò já láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. UCH Ìbàdàn wà níbẹ̀, LUTH wà níbẹ̀, àwọn ti Abẹ́òkúta àti Ẹbúté-Mẹ́ta náà wà níbẹ̀. Ìlọrin kò sí lára mẹ́wàá àkọ́kọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣèlérí pé àwọn mìíràn yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní aláìsàn nílé ní Kwara kò lè gbọ́ ìròyìn yẹn kó má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ máa fọ ẹ̀jẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀ẹ̀kan bá jẹ́ 50,000 náírà, ọ̀sẹ̀ kan di 150,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin di 600,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti 2024 jẹ́ 70,000. A ò tíì ka abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára, a ò tíì ka àyẹ̀wò, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń fà sí aláìsàn lára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti owó ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan, tàbí ìgbà tí owó bá wọlé. Ọ̀pọ̀ kì í lò ju oṣù díẹ̀ lọ kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Owó ni gbogbo ìròyìn ń sọ, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ká wò ni ohun tí owó yìí, ẹ̀rọ yìí, àti ìjókòó wákàtí mẹ́rin yìí ń ṣe sí ọkàn èèyàn méjì: ẹni tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ, àti ẹni tó gbé e wá, tó jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Dókítà wà fún kíndìnrín. Nọ́ọ̀sì wà fún ẹ̀rọ. Ta ló wà fún bíbéèrè pé ṣé wọ́n rí oorun sùn lóru àná, ṣé ẹkún kò ti pọ̀ jù? Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sẹ́ni tí iṣẹ́ yẹn já lé lọ́wọ́, ẹ̀mí èèyàn sì ń gba ibẹ̀ lọ.

Kíndìnrín méjì tó dá ṣáṣá ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru láìsinmi. Ẹ̀rọ dayálísíìsì ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọ̀nà tí wọ́n ṣe sí ọrùn tàbí apá, ó ń yọ ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù kúrò nínú rẹ̀, ó sì ń dá a padà sára. Wákàtí méjìlá lọ́sẹ̀ ló ní láti fi ṣe iṣẹ́ tí kíndìnrín ń fi wákàtí 168 ṣe, ìyẹn fún ẹni tó bá rí owó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta san nìkan. Láàárín ìgbà kan sí èkejì, ìdọ̀tí ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dé ọpọlọ. Aláìsàn á máa gbàgbé nǹkan. Oorun òru á dá lójú rẹ̀, ti ọ̀sán á máa gbé e lọ. Ara á máa yún un, ẹsẹ̀ ò ní jẹ́ kó sinmi lórí ibùsùn, inú á máa bí i sí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára ń dá kún àárẹ̀ rẹ̀. Bó bá sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ lónìí, ó lè má lè dìde dáadáa títí di ọ̀la.

Àwọn ará ilé á ní ìwà rẹ̀ ti yí padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ́ ló ń sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ọkàn rẹ̀ tó burú. Mo rò pé ká ní wọ́n máa ń sọ gbólóhùn kan yìí fún ìdílé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, ìjà tí yóò dín kù nínú ilé kò ní kéré.

Ní ilẹ̀ wa, àìsàn yìí kì í dúró de ọjọ́ ogbó. Ní Yúróòpù, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ. Ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tètè mọ̀, àtọ̀gbẹ, àti àrùn tó ń ba asẹ́ inú kíndìnrín jẹ́ máa ń mú èèyàn nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ogójì, àádọ́ta, nígbà tí owó iléèwé ọmọ ṣì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ awakọ̀ tó ń ná Gáràájì Ọ̀fà sí Òmù-Àrán, birikìlà, tíṣà, obìnrin tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà-Ọba. Apá tí wọ́n bá ṣe fístúlà sí, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sínú ẹ̀rọ, wọ́n á ní kò gbọdọ̀ fi gbé ẹrù wúwo mọ́. Birikìlà wo ló ń ṣiṣẹ́ lápá kan? Obìnrin Ìgbómìnà tó ti ń gún iyán láti kékeré á máa wo odó níkọ̀ọ̀rọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ ti lọ sí ilé ìwòsàn, èyí tó kù ti lọ sí àárẹ̀, ọ̀gá tó ní sùúrù lóṣù àkọ́kọ́ lè má ní in lóṣù kẹfà.

Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sọ síta. Àìsàn yìí máa ń dín agbára ọkùnrin kù, ó sì máa ń da nǹkan oṣù obìnrin rú tàbí kó dá a dúró. Tọkọtaya á máa gbé inú yàrá kan náà, kálukú á kọjú sí ògiri, ọkọ á máa rò pé ìyàwó òun ti ń wo ìta, ìyàwó á máa rò pé ọkọ òun kò fẹ́ràn òun mọ́. Dókítà lè ṣàlàyé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá lè béèrè.

Nínú gbogbo ohun tí àìsàn kíndìnrín gbà lọ́wọ́ èèyàn, omi ló máa ń dùn mí jù láti gbọ́. Omi tí ẹni tí kò tọ̀ mọ́ bá mu kò rí ọ̀nà jáde títí di ọjọ́ ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ni yóò lọ wú, tàbí kó kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà wọ́n sábà máa ń sọ fún un pé kó má jẹ́ kí omi òun ju bíi lítà kan lọ lójúmọ́, kó sì ka omi ọbẹ̀ àti ẹ̀kọ mímu mọ́ ọn. Píọ̀ wọ́tà méjì nìyẹn. Ẹ wo oṣù kẹta n'Ílọrin, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí iná má sí, kí fáànù má yí, kí èèyàn máa ṣọ́ píọ̀ wọ́tà méjì láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn kan máa ń jí omi mu. Ìyàwó á rí ọ̀rá lábẹ́ ìrọ̀rí, ariwo á sọ. Bó bá di ọjọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á ní ó ti wúwo jù, bàbá ọlọ́mọ márùn-ún á wá dúró níwájú nọ́ọ̀sì bí ọmọdé tí wọ́n ká ẹran mọ́ lẹ́nu.

Oúnjẹ náà ti di ohun ẹ̀rù. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù, bó bá pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, lè mú kí ọkàn dáwọ́ lílù dúró lójijì, ó sì pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, tòmátì, ewébẹ̀, iṣu. Ànàmọ́ náà wà lára rẹ̀, ẹ wá wo ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n sọ fún pé kó fi ànàmọ́ sílẹ̀. A lè gé iṣu wẹ́wẹ́, ká rẹ ẹ́ sómi, ká bọ̀ ọ́, ká da omi rẹ̀ nù, ká tún fi omi tuntun bọ̀ ọ́, kí èròjà náà lè dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń se oúnjẹ náà ti gbé ìkòkò méjì kaná, ti aláìsàn àti ti ará ilé, lójoojúmọ́, títí lọ. Àwọn ọmọ á máa jẹun, bàbá á máa wò wọ́n. Kò pẹ́ tí bàbá yóò fi sọ pé ebi ò pa òun, pé yàrá ni òun máa wà.

N'Ílọrin, Ramadan tún máa ń mú ìbànújẹ́ tirẹ̀ wá. Ẹni tó ti ń gba ààwẹ̀ láti ọmọdé, tó máa ń jí ìlú fún sààrì, á di ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún lọ́sàn-án gangan. Súúrà Bákárà yọ̀ǹda fún aláìsàn, ó sì fi ọ̀nà ìràpadà sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní lè san ààwẹ̀ padà: kó máa bọ́ tálákà. Àwọn ààfáà ń wàásù rẹ̀. Síbẹ̀, mímọ̀ ọ́n lórí yàtọ̀ sí kó balẹ̀ sínú. Bí ọjọ́ ẹ̀rọ bá tún bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, kírun Jímọ̀ ń kọjá lọ nígbà tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Ní apá Ìgbómìnà, ìjọ ECWA tàbí CAC lè jẹ́ ti aláìsàn, kí ìdúró pẹ́ nínú ìsìn ti kọjá agbára rẹ̀. Ìsìn tó ń gbé ọkàn ró ti ń bọ́ lọ lọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀ jù. Ààfáà tàbí pásítọ̀ tó bá lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, tó jókòó, tí kò kánjú lọ, ti ṣe ohun ńlá.

Lórí gbogbo èyí ni ẹ̀bi jókòó lé. Aláìsàn mọ iye tí wọ́n ta ilẹ̀. Ó mọ ọmọ tó dúró nílé nítorí owó iléèwé. Kò sí ọjọ́ ẹ̀rọ tí kì í rò pé owó tí òun ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ òun nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa lọ" ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, kó máa dúpẹ́. Ó máa ń gbọ́ràn, kò ní sọ ọ́ mọ́. Kò túmọ̀ sí pé ó ti kúrò nínú rẹ̀.

Àkójọpọ̀ ìwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, fi hàn pé nígbà tí oníṣègùn bá jókòó bá àwọn tó wà lórí dayálísíìsì sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ju ẹnì kan nínú márùn-ún lọ tó ní ìsoríkọ́ tó yẹ fún ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ ìwé ìbéèrè ni wọ́n fún wọn kún, ó sún mọ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì kò ṣàjèjì: àárẹ̀, àìlèsùn, àìfẹ́ jẹun, àìlè ronú já gaara, gbogbo rẹ̀ ni ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ lè fà, gbogbo rẹ̀ náà ni ìsoríkọ́ lè fà. Kí la lè fi mọ̀ ọ́n? Ẹ wo inú rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù, ọmọ-ọmọ, ìwàásù lórí rédíò, ṣì ń dùn mọ́ ọn ní ọjọ́ tí ara bá yá díẹ̀? Ṣé ó ń sọ pé òun ò wúlò mọ́, pé ẹrù lòun jẹ́? Bí èyí bá ti ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àìsàn mìíràn ti wọlé kún ti kíndìnrín nìyẹn, òun náà sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú dídùn lásán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wó kì í rí ìdí tó fi yẹ kóun jí lọ sí ẹ̀rọ. Á fo ọjọ́ kan, á fo ìkejì, á mu omi bó ṣe wù ú, á da oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ó wá kọ ọ́ pé kíndìnrín ló pa á. Ìwádìí ti fi hàn léraléra pé ewu ikú pọ̀ fún àwọn tó ní ìsoríkọ́ lórí dayálísíìsì ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ síta, sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹni tó jókòó síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ obìnrin: ìyàwó, ìyá, ọmọbìnrin tó ti tó ọmọ gbé lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n tí kò tíì lọ́kọ, tí gbogbo ilé wá gbà pé òun ló ráyè. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò; ó kàn rí i pé òun ló wà níbẹ̀ ni. Òun ló ń rántí oògùn, òun ló ń wọn omi, òun ló ń bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ fún owó lórí fóònù, òun ló ń gba èébú bí inú bá bí aláìsàn. Ìsọ̀ rẹ̀ l'Ọ́jà-Ọba tàbí ní Ìpàtà ti ń tì lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Oníbàárà kì í dúró, wọ́n á bá ẹlòmíràn rà.

Fún àwọn ará gúúsù Kwara, ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin ju ọgọ́rin kìlómítà lọ, àwọn ará Òkè-Ẹ̀rò àti Èkìtì ti Kwara sì tún ń bọ̀ láti ọ̀nà tó jìn jù bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á gba Àjàṣẹ́-Ìpo àti Gánmọ̀ wọ Gáràájì Ọ̀fà, wọ́n á tún wọ òmíràn la àárín ìlú kọjá sí Òkè-Ọ̀sẹ̀, níbi tí UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, wà. Ẹni tí wọ́n fi òwúrọ̀ sí kò lè dúró kí ilẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti pa ọba Kòrò nínú ààfin rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àti tí àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Èrúkù ní oṣù kọkànlá 2025, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ, ta ló fẹ́ wà lójú ọ̀nà yẹn ní òkùnkùn? Ìyàwó á jókòó ti ọkọ rẹ̀ nínú mọ́tò, á máa wo igbó. Ẹ̀rù méjì ló ń bà á lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀rù ohun tó wà lójú ọ̀nà, àti ẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá lọ. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ lálẹ́, wọn ò lè padà mọ́. Ilé ìbátan tó wà n'Ílọrin á gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá arúgbó kan á kí wọn, ojú rẹ̀ á sì ti sọ ohun tó kù.

Ọ̀rọ̀ tó le jù lọ́kàn olùtọ́jú kì í ṣe àárẹ̀. Ọjọ́ kan máa ń wà tí yóò rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni gbogbo èyí máa parí, kó sì yé e lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀nà kan ló lè gbà parí. Ẹ̀rù ara rẹ̀ á bà á. Á gba àdúà, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun, kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láé. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí tó ti ro irú rẹ̀ rí mọ̀ pé àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ kò lópin ń rò ó káàkiri ayé, àti pé kò túmọ̀ sí pé ìfẹ́ ti tán. Ara tí kò sinmi ló ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń fi nǹkan pa mọ́ fún ara wọn. Aláìsàn kò sọ pé ó ti sú òun, kí ọkàn ìyàwó má bàa bàjẹ́. Ìyàwó lọ ń sunkún ní ilé ìwẹ̀, kí ọkọ má bàa gbọ́. Àlejò á dé, á ní "ẹ kú ìrọ́jú, onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún." Àwọn méjèèjì á ṣe àmín.

Ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ kíndìnrín tún máa ń da ìdílé rú ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó ló sì kọ́kọ́ ṣe é. Bí dókítà bá ti lè dárúkọ rẹ̀, ojú gbogbo mọ̀lẹ́bí á yí sí ẹnì kan. Àbúrò tó kọ̀ á di ọ̀tá. Èyí tó gbà láìfẹ́ á máa gbé ìbínú kiri. Òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti 2014, kò gbà kí wọ́n ta kíndìnrín tàbí kí wọ́n rà á. Ẹni tó bá fẹ́ fún èèyàn rẹ̀ ní tirẹ̀ yẹ kó rí oníṣègùn bá sọ̀rọ̀ lóun nìkan, láìsí ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè sọ "rárá" bó bá jẹ́ rárá ló wà nínú rẹ̀.

Níbi tí ìrètí bá ti ń tán ni oníṣòwò ìrètí máa ń gbà wọlé. Wọ́n á ní àgbo kan wà tó ń jí kíndìnrín dìde, wọ́n á ní kó pa ẹ̀rọ tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. N kò dá ìdílé tó gbà á lẹ́bi, mo mọ ohun tó lé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lójijì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè fi pọtásíọ̀mù kún èyí tó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀rọ ni, mo gbà pé àwọn tó ń sá tọ alágbo lọ yóò dín kù.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́? Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 ní Amẹ́ríkà mú 120 aláìsàn dayálísíìsì tó ní ìsoríkọ́. Wọ́n fún apá kan ní oògùn. Apá kejì, oníṣègùn ọkàn lọ ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí àga tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, ara àwọn méjèèjì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Oògùn ṣe dáadáa ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyọnu tó mú wá sára náà pọ̀ jù. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni àga yẹn. Aláìsàn ti wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kò tún níbi tó fẹ́ lọ. Wákàtí mẹ́rin tí wọ́n ń fi wo òrùlé lè di àkókò ìtọ́jú láìná owó ọkọ̀ kún un. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ ní ìwé kan tó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án, tí ayé ń lò fún ìsoríkọ́, lè béèrè rẹ̀ nígbà tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sì mọ ẹni tó máa fà á lé lọ́wọ́.

Ní Kwara, ẹni tí wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́ kò jìnnà. UITH ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún ìtọ́jú ọpọlọ àti ìwà. Ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Budó-Ẹ̀gbá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ní kí èèyàn lọ rí dókítà ọpọlọ, á ní "ṣé wọ́n rò pé mo ya wèrè ni?" Ìyàwó á gbà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á dà ìwé náà nù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí dókítà náà wá bá wọn lẹ́bàá ẹ̀rọ, dípò kí wọ́n máa wá a lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ ra oògùn oorun tàbí oògùn ìsoríkọ́ ní kẹ́míìsì fúnra rẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ni iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́.

Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní 2023, ó sì rọ́pò òfin wèrè tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀. Ìtẹ̀síwájú ni. Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn tí àríwá jogún, tí Kwara wà lára wọn, ka ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ń pa ẹnu ìdílé mọ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n ké gbàjarè. Bí èèyàn yín bá ń sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kóun kú, ẹ má fi wàásù pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀ lára. Ìbéèrè yẹn kì í gbé èrò náà sí i lọ́kàn, ńṣe ló máa ń jẹ́ kó lè mí. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, ẹ sọ fún dókítà ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà gan-an, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì.

Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí ara rẹ̀ ti gbó, tó fi ọkàn balẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́ ẹ̀rọ mọ́. Ìyẹn ní ìjíròrò tirẹ̀, pẹ̀lú dókítà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i dájú pé kì í ṣe ìsoríkọ́ tàbí àìlówó ló ń sọ ọ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì tọ́jú ìrora rẹ̀ títí dé òpin.

Ìdílé náà ní ohun tó lè ṣe. Ẹ pín in. Ọmọ kan lè máa bójú tó owó, kí òmíràn máa gbé e lọ ní ọjọ́ Tùsìdeè, kí àbúrò ọkọ gba ti Sátidé, kí ìyàwó rí ọjọ́ kan ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àsàlátù àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ń dá owó, Ọlọ́hun á sì san án fún wọn. Kí wọ́n tún máa dá ọjọ́. Ẹni tó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ìyàwó lè lọ sùn, ti fún un ní ohun tí 12,000 kò lè rà. Bẹ́ ẹ bá sì wá kí aláìsàn, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kí i tán, ẹ yíjú sí ẹni tó dúró tì í, kẹ́ ẹ bi í pé "ìwọ ńkọ́?" Kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ọjọ́ tí owó tó wálẹ̀ yìí bá dé Ìlọrin, àwọn tó ń kú láàárín oṣù díẹ̀ nítorí àìrówó yóò máa lo ọdún lórí ẹ̀rọ. Ohun tí a ń gbàdúrà fún nìyẹn. Yàrá á kún, bẹ́ǹṣì á kún, ìgbésí ayé tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ á sì gùn sí i. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń kọ iye ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n kọ owó oṣù oníṣègùn ọkàn kan àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan mọ́ ọn, àti yàrá kékeré kan tó ní ibùsùn fún àwọn tó ti ọ̀nà Òmù-Àrán àti Ìsin wá, tí ilẹ̀ ti ṣú mọ́ lọ́wọ́.